Ohun Tí Àbúrò Bàbá Mi Fi Sí Wa Létí

Hẹ́dìfóònù tí o fi bò mí létí yìí rọ̀ bí òwú, ọmọ mi, ohùn rẹ̀ sì dá ṣáká. Ṣùgbọ́n ó rán mi létí èyí tí mo kọ́kọ́ fi sétí ní kékeré.

Irin ni ti àbúrò bàbá mi tó jagun Bọ́mà, ó ń rùn bí epo ẹ̀rọ. Wọ́n so ó mọ́ rédíò lágbàlá wa n'Íkòsì, wọ́n ń fi sí wa létí níkọ̀ọ̀kan. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ láàárín orí mi! Mo figbe ta, mo wẹ̀yìn, n ò rí ẹnìkan.

Ó wá kan Sàfú, ẹ̀gbọ́n mi, tí ìyá wa máa ń nà pé ó ń gbọ́ ìpè, kì í dáhùn. Àbúrò bàbá mi yí ohùn sókè títí àwa tó dúró fi ń gbọ́ ọ.

"Ṣé ó dùn?"

Sàfú tẹjú mọ́ ẹnu wọn. "Ó tutù létí. Ó kàn fún díẹ̀ ni."

"Dìndìnrìn! Ohùn ni wọ́n ń bi ọ́!" A bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá wa fi pákí tí wọ́n ń rin sílẹ̀. Wọ́n yọ irin náà kúrò, wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pariwo orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò yíjú. Mo rò pé pàṣán ló kàn. Mo ti bímọ kí n tó mọ̀ pé èéyi tó ṣe ní kékeré ló di í létí. Ìyá wa kúnlẹ̀, omi pákí ṣì ń kán lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ra ẹ̀yìn ọmọ wọn níbi tí ojú pàṣán wà.