Ọjọ́ Tí Lékeléke Bo Ojú Ọ̀run ní Kọ́bapẹ́

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọyẹ́ tí Tíṣà Ṣówándé kó kíláàsì wa láti Láfẹ́nwá lọ sí igbó ìjọba lẹ́bàá Kọ́bapẹ́ kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa. Tíṣà kìlọ̀ pé, "Ẹni tó bá pariwo, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn délé. Tí ẹyẹ bá sá, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn."

A lúgọ sétí odò. Ó rọra ń ṣàlàyé pé àsìkò ọyẹ́ ni lékeléke ń wá láti Òkè Ọya, pé kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù bá tú jáde nínú koríko ni wọ́n ń jẹ. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ojú ọ̀run fi funfun. Wọn ò lóǹkà. Wọ́n bà sórí igi títí a ò fi rí ewé kankan mọ́.

Ni Músílíù, ọ̀kan nínú wa, bá gbàgbé ara rẹ̀. Ó na ìka sókè, ó ń gbọ̀n wọ́n bí a ti máa ń ṣe láti kékeré: "Lékeléke, fún mi léèékánná funfun!" Gbogbo wa gbè é. Àwọn ẹyẹ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, atẹ́gùn ìyẹ́ wọn fẹ́ eruku sí wa lójú.

Pẹ̀lú ìbẹ̀rù ni mo fi bojú wẹ̀yìn wo Tíṣà. Òun náà ti na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè, ó ń gbọ̀n wọ́n.