Ẹ̀fọ́ Ìsàlẹ̀ Ìkòkò

Pọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Pọ́, pọ́. Mo ṣì wà lórí ẹní, aṣọ ìyá bàbá mi tí mo fi bora ń yọ òórùn èéfín àti irú, ojú ọ̀run kò sì tíì là dáadáa. Àwọn fúnra wọn ti wà lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti kírun Àsùbáà tán, wọ́n ń já ẹ̀fọ́ nínú ìrì. Ní kékeré mi, mo máa ń mọ ibi tí wọ́n dé láìdìde. Tẹ̀tẹ̀ máa ń ró tó bá ṣẹ́. Gbúre kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ró rárá. Tí wọ́n bá wá kan ewúro, gbogbo igi rẹ̀ á mì, ìrì á sì dà sílẹ̀ wàà, bí ìgbà tí èèyàn bá gbọn aṣọ tútù.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Mọ́níyà, níbi tí èèyàn ti máa ń fẹsẹ̀ rìn gba àárín oko ẹ̀gẹ́ àti oko kòkó tó ti gbó kó tó rí títì. Ìyá àgbà kì í jókòó. Wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á lọ wo òtílí tí wọ́n gbé kaná, wọ́n á lọ fa koríko kan tu tí wọ́n rí lójú ọ̀nà, wọ́n á tún padà lọ wo òtílí. Ẹ̀wà yẹn kì í tètè jinná, mo sì rò pé ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, torí ó ń fún wọn láyè láti máa rìn kiri. Nígbà mìíràn, orí ìdúró ni wọ́n ti ń jẹun. Wọ́n á fọwọ́ bu òkèlè, wọ́n á máa fẹsẹ̀ lé adìẹ kúrò nídìí ọlọ. Àwọn ìyàwó ilé máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá, ta ló ń lé yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Èmi ni mò ń lé iṣẹ́, òun ló ń sá."

Tí wọ́n bá ń já ẹ̀fọ́, wọn kì í fa gbòǹgbò rẹ̀ tu. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń ṣẹ́, kó lè yọ ẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà pọ̀ sínú igbá kan: tẹ̀tẹ̀, òdú, yánrin, àti ebòlò tí òórùn rẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ mi títí a ó fi jáde nílé kéú. Wọ́n á bọ̀ wọ́n díẹ̀ lómi gbígbóná, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù. Epo kò ní í pọ̀, torí epo wọ́n. Irú ló ń gbé ọbẹ̀ náà dìde, òun àti ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Àwọn náà ló ń bu oúnjẹ, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń bù ú. Abọ́ bàbá àgbà ló ṣáájú, ẹran tó tóbi jù á wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti bàbá mi àti àwọn àbúrò wọn ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ni ti àwa ọmọ, tí a máa ń ja ẹran kékeré kan mọ́ ara wa lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ló kẹ́yìn. Tó bá fi máa kàn wọ́n, ẹran ti tán, epo ojú ọbẹ̀ ti tán, ó ku ẹ̀fọ́ tó dì mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò pẹ̀lú ẹ̀gúsí díẹ̀. Ìyá àgbà á fi ṣíbí onígi ha á, wọ́n á pín in fún àwọn ìyàwó ilé, wọ́n á sì da òtílí lé e. Bí ẹran kan bá ṣèèṣì ṣẹ́ kù, èmi ni wọ́n ń fojú wá.

"Gbà, ọkọ mi." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń pè mí, bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń pe ọmọ ọmọ wọn.

"Ìyá, tiyín ńkọ́?"

"Ẹran ò mọ̀nà ilé mi. Jẹ ẹ́ kíá kí bàbá ẹ tó wọlé."

Wọ́n pẹ́ láyé. Wọ́n sin ọkọ wọn, wọ́n sin bàbá mi tí wọ́n bí, ọdún tí àwọn náà sì máa kú, wọ́n ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ kí àwọn èèyàn ní Mọ́níyà. Títí di ọdún yìí, ohun tí mo máa ń sọ nípa wọn ni pé wọn ò fẹ́ràn ẹran, ewé ni wọ́n fẹ́ràn, ewé ló sì dá wọn sí. Mo kàwé débi tí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé jẹ nínú ẹ̀fọ́ kan náà, kò sì pẹ́ láyé. Síbẹ̀, ìtàn náà dùn lẹ́nu, mo ń sọ ọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, àkọ́bí mi obìnrin wá kí mi. Ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì, Ajíbọ́dé ló ń gbé. Kò tètè jókòó, mo sì mọ̀ pé nǹkan wà. Ó ní dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ òun ti ń ru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ òun náà ti ń gòkè. Kò tíì di àtọ̀gbẹ, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ló wà. Wọ́n ní kó dín ìyọ̀ àti mínírà kù, kó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, kó máa rìn, wọn ó sì tún àyẹ̀wò náà ṣe kí ọyẹ́ tó dé.

Bí ti ìyá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni àtọ̀gbẹ, àárọ̀ ọjọ́ kan ni rọpárọsẹ̀ wá mú ìyàwó mi bó ṣe ń múra iṣẹ́. Kò pẹ́ sí i tó fi kú. Látìgbà tí mo ti sin ín ni mo ti kúrò ní Ọlọ́runṣògo tí a jọ gbé, padà sí ilé bàbá mi ní abúlé, mo sì rò pé ìfòyà ti tán lára mi. Lọ́jọ́ tí ọmọ yìí sọ̀rọ̀ yẹn, mi ò lè jókòó mọ́. Mo ń jáde, mo ń wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀yìn ilé ká bíi ti ìyá àgbà, mò ń wá ohun tó kù nínú ẹ̀fọ́ wọn. Ewúro ṣì wà. Yánrin ti lọ. Mo rí ebòlò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò omi, mo sì gbin tẹ̀tẹ̀ àti gbúre fúnra mi. Tí mo bá já wọn, màá dì wọ́n sí ọ̀rá, màá fi rán ọlọ́kadà tó máa ń ná Ajíbọ́dé.

"Bàbá, ewúrẹ́ mélòó lẹ ní níbẹ̀ yẹn?" ni ọmọ mi bi mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan.

"Ẹyọ kan ni. Ó kàwé."

Ewúrẹ́ mi wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹ̀fọ́ yìí ti pọ̀ jù."

"Ṣé ò ń jẹ ẹ́?"

Ó wo ibòmíràn. "Àwọn aládùúgbò mi ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n máa bá wọn kí yín."

Inú bí mi díẹ̀, ẹ̀rù bà mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún mú ìtàn mi jáde. Mo ní ìyá bàbá mi kò fẹ́ràn ẹran rárá, ewé ni wọ́n ń jẹ, kó wo bí wọ́n ṣe pẹ́ láyé tó.

"Màámi sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ nílé yìí," ló fi fèsì. Kò pariwo. "Ẹran fún ọkùnrin, ewé fún obìnrin. Wọ́n ní àwọn dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun, ṣíbí ń ha ìdí ìkòkò. Ṣé ibẹ̀ lẹ fẹ́ dá mi padà sí, Bàbá?"

Òótọ́ ni ìyàwó mi sọ fún un. Lọ́sẹ̀ tí mo gbé e wálé ló ti sọ fún mi pé nínú ilé tòun, ọmọbìnrin kankan kò ní í kẹ́yìn ìkòkò. Mo tì í lẹ́yìn, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ní Ọlọ́runṣògo, àwọn ọmọbìnrin wa ló ń kọ́kọ́ mú ẹran. Ohun tí èmi àti ìyá wọn kò kíyè sí ni pé bí ẹran ṣe ń wọlé ni ẹ̀fọ́ ń jáde. Ọbẹ̀ ata àti ìrẹsì dé, búrẹ́dì dé, mínírà dé, ìjókòó ọ́fíìsì náà dé. Lójú tiwa, à ń gbéra kúrò nínú ìyà ni.

Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo yí ibẹ̀ ká. Ibi tí ilé ìdáná àtijọ́ wà, tó ku òkìtì amọ̀ lásán, ni mo dé tí mo fi rántí Iléyá kan.

Ẹran pọ̀ lọ́jọ́ náà. Òórùn irun àgbò tí wọ́n ń wí gba gbogbo agboolé. Mo ń wá ìyá àgbà, torí mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ wọn níbì kankan, ìyẹn kì í sì í ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti rí wọn, lórí àpótí kékeré, wọ́n jókòó. Eegun ẹsẹ̀ àgbò wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀, wọ́n di ojú, ọ̀rá ti ṣàn dé ọrùn ọwọ́ wọn.

"Ìyá, ṣebí ẹ ò fẹ́ràn ẹran?"

Wọ́n lajú, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ni ò fẹ́ràn ẹran, ọkọ mi? Kì í ṣẹ́ kù dé ọ̀dọ̀ mi ni."

Wọ́n lá ọrùn ọwọ́ wọn, wọ́n sì padà sídìí eegun náà. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo rí wọn níbi tí ara wọn ti balẹ̀.

Mo wọlé, mo sọ ọ́ fún ọmọ mi bó ṣe rí gan-an.

"Àṣé wọ́n fẹ́ràn ẹran," ló wí.

"Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìyá rẹ̀. Ó dìde, ó tú ọ̀rá ẹ̀fọ́ tí mo já sílẹ̀ láàárọ̀. "Ẹ bá mi gbé òtílí tí ẹ sè yẹn wá. Àmọ́ èmi ni màá bu oúnjẹ o."

A jọ se ẹ̀fọ́ náà. Ó bu tirẹ̀ ṣáájú, ẹ̀fọ́ kún abọ́ náà, ó bu tèmi bákan náà. Ẹran kan ló wà nínú ìkòkò, ó fi ọ̀bẹ là á. Ó fi èyí tó kéré sí abọ́ mi, ó wá ń wo ojú mi bóyá màá sọ̀rọ̀. Mo mú ẹran mi, mo jẹ ẹ́. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí ìkòkò láti ha ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi.

"Ẹ má dá a jẹ. Ibẹ̀ ló dùn jù, Màámi ò kàn sọ ìyẹn fún mi ni."

Ó ti ń wá ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ látìgbà náà, ó sì ń sùn mọ́jú. Láti Mọ́níyà, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wọlé, ó ní ọlọ́kadà mi ti ń bínú sí òun. Àyẹ̀wò náà ku díẹ̀, oorun mi kò gún. Mò ń rántí àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ṣubú, mò ń rántí àpótí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ohun tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ fún mi kò pọ̀: ẹsẹ̀ tí kì í dúró, àti etí tó máa ń jí ṣáájú ojú.

Láàárọ̀ yìí, mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo gbọ́ ọ. Pọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Pọ́, pọ́. Mo fẹ́ dìde, mo tún dùbúlẹ̀ padà, mo ń tẹ́tí. Ìdákẹ́jẹ́ wà fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìrì dà sílẹ̀ wàà. Mi ò mọ ohun tí dókítà máa sọ fún ọmọ mi. Ìdí ewúro ló dé yẹn.