Ọ̀rọ̀ Kẹrin nínú Ìwé Ará Ṣakí

"Tún un kà."

Òjò ń lu páànù, mo sì ní láti gbé ohùn sókè kí bàbá tó lè gbọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn tí n óò ka ìwé náà láti ìgbà tí a ti kírun àìlà lọ́sàn-án. Ọ̀fun mi ti gbẹ, nítorí ọdún náà ni mo kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ délẹ̀. Bàbá jókòó lórí awọ àgbò rẹ̀, ó kọ etí ọ̀tún sí mi, ó ń fi àtàǹpàkò yí tẹ̀súbáà láìka ohunkóhun lórí rẹ̀. Bí mo bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti gún un lára, á dìde, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á na ọwọ́ sínú òjò, á tún padà wá jókòó.

"Ibi tó ti sọ̀rọ̀ darandaran yẹn. Tún ibẹ̀ kà."

Alfa àgbà ni, ẹ̀yìn ilé wa ní Ìsẹ́yìn ni ilé rẹ̀ wà. Òun kọ́ ni ó bí bàbá mi tàbí ìyá mi, ṣùgbọ́n bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ kéú kí n tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mo lè ka Yorùbá tí wọ́n bá fi lẹ́tà kéú kọ, mo sì lè kọ ọ́. Nígbà tí mò ń wí yìí, ohun funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń rí. Àwọn ọmọ kéú rẹ̀ ọkùnrin mọ̀wé kọ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó ní wọ́n máa ń kánjú. Èmi ni ó ń ránṣẹ́ pè. "Ìyàwó mi, wá yá mi lójú," ni á wí.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, àárín òjò ni ààwẹ̀ ń bọ́ sí. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ó yẹ kí a wo oṣù, ìkùukùu bo ojú ọ̀run láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Ṣakí, ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan. Rédíò wá kéde pé wọ́n ti rí i ní òkè Ọya. Bàbá ní òun kò lè gba ẹ̀rí ẹni tí òun kò lè bi léèrè ibi tí ó dúró sí nígbà tí ó rí i. Àdúgbò wa kò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kejì ni a bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n alfa kan wà ní Ṣakí tí òun àti bàbá jọ kọ́ kéú lọ́dọ̀ olùkọ́ kan náà nígbà èwe wọn. Èyí gba ohùn rédíò gbọ́, ó sì fi ọjọ́ kan ṣáájú wa.

Kò sí ọdún kan tí àwọn méjèèjì kì í ránṣẹ́ kí ara wọn bí ààwẹ̀ bá ti wọlé. Lọ́dún náà, kò sí ìkíni. Ìwé ni ó dé, ojú ewé mẹ́rin, ó sì gbóná. Ìlà tí ó gbẹ̀yìn sọ pé bí bàbá kò bá ní èsì tó péye títí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ yóò fi dé, kí ó má wulẹ̀ ránṣẹ́ sí òun mọ́ láyé. Bàbá fẹ́ borí nínú ọ̀rọ̀ oṣù yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà ìgbẹ̀yìn yẹn ni kò jẹ́ kí ó lè jókòó jẹ́ẹ́.

Báyìí ni ó ṣe ń dá ìwé lóhùn. Tàdáà ìkọ̀wé méjì ni ó ń lò, dúdú àti pupa. Ìyàwó rẹ̀ ni ó máa ń se èèpo ara pòròpórò ọkà bàbà títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Òórùn rẹ̀ dà bí ti koríko tí ó bá omi gbígbóná pàdé. Pupa yẹn, ọ̀rọ̀ ẹni tí a fẹ́ dá lóhùn ni a fi ń kọ, ní odindi, bí ó ṣe wí i. Lẹ́yìn náà ni a óò mú dúdú, a óò sì kọ tiwa sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé náà síta, yóò rí ẹni méjì lórí bébà kan.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni ó wà nínú ìwé ará Ṣakí. Ẹ̀kẹrin ni ó bu bàbá jẹ. Ó ní: "Ní ọdún kan tí òjò bo oṣù bí irú èyí, darandaran kan da màlúù kọjá láti ìhà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ó ní òun ti rí oṣù, ìwọ fúnra rẹ sì ní kí gbogbo àdúgbò rẹ já ààwẹ̀ sílẹ̀. Ta ni o bi léèrè nípa rẹ̀? Kí ló fi yẹ ní gbígbọ́ ju ohùn inú rédíò lọ?"

Ojú ń tì mí láti kà á. Nígbà tí a wá ń kọ èsì, tí bàbá ti pe ohun tí ó fẹ́ sọ lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lọ ṣe àlùwàlá, ó ní kí n máa kọ pupa tó kù sílẹ̀ dè é. Mo wo ẹ̀kẹrin. Mo ronú àwọn ará Ṣakí tí yóò pé jọ lé ìwé náà lórí, tí wọn yóò máa fi bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mo fò ó. Mo kọ ẹ̀karùn-ún sí ipò ẹ̀kẹrin. Nígbà tí ó dé, mo sọ fún un pé ó kù ẹyọ kan péré. Òun náà ti ń kánjú nígbà yẹn, nítorí awakọ̀ tí ó fẹ́ bá wa mú ìwé lọ ti dúró síta, ó ń fi fèrè ọkọ̀ pè wá. Ó pe èsì rẹ̀ sí èyí tí mo kà fún un, mo kọ ọ́.

"Alfa, ẹ jọ̀ọ́," awakọ̀ yọjú. "Òjò ti dá díẹ̀. Ẹ jẹ́ n máa lọ kí ọ̀nà tó bàjẹ́."

"Fara balẹ̀. Ìyàwó mi, ka pupa nìkan fún mi."

Mo kà á. Bí mo ṣe ń parí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá ń ká ìka kan. Nígbà tí mo dákẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì na gbọọrọ.

"Darandaran ńkọ́?"

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní, "Bàbá, ó bú yín níbẹ̀."

"Ìbéèrè ló bi mí. Ṣé o ti di ẹni tí ń yan ìbéèrè fún mi?" Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Máa lọ, ọmọ mi. Ìwé kò tíì pé."

"Ojú ewé mẹ́fà ni kò tíì pé yẹn? Ẹ̀yin alfa náà le o," awakọ̀ wí, ó sì lọ.

Ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìyẹn ni a óò tó lè rí ọkọ̀ mìíràn tí ń lọ sí Ṣakí, ọdún sì ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Bàbá kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Bó bá rí èsì tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, a óò jọ jà ni. Ṣùgbọ́n bó bá wá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú ìwé mi, tí kò rí i, kí ló kù tí a óò jọ sọ?"

A ya ojú ewé yẹn, a sì tún un kọ. Ẹ̀kẹrin ni kò fẹ́ parí. Láàárọ̀, bí a ti ń gbọ́ ìró òfì láti ilé àwọn ahunṣọ, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun mọ darandaran náà dáadáa. Kò pẹ́, ó ní, "Pa á rẹ́. N kò mọ̀ ọ́n rí." Lọ́sàn-án, ó ní kí n kọ ọ́ pé ojú ọkùnrin náà jọ ojú olóòótọ́. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. "Pa ìyẹn náà rẹ́. Èwo ni ojú olóòótọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ tí ó ń ro ògì lábẹ́ òrùlé ilé ìdáná dá sí i. "Ẹ kúkú kọ ọ́ síbẹ̀ pé ebi ló ń pa yín lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo gbọ́únjẹ fún yín. Ẹ ò jẹ́ kí àkàrà tutù."

Mo bojú kí n má rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé tẹ̀súbáà rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sún mọ́ ọn. "Kọ ọ́ báyìí: Lórí èyí, mo ti ṣe ohun tí o ní mo ṣe, n kò sì tíì ní èsì. Àwọn mẹ́rin yòókù, mo dúró lórí wọn."

Ìwé náà lọ. Àwọn ará Ṣakí kírun ọdún, àwa ṣì ń gbààwẹ̀. Ọjọ́ kejì ni àwa lọ sí Yídì. Bàbá wọ aṣọ tuntun, ṣùgbọ́n kò jẹun tó bí ẹni tó ń ṣọdún. Bí ọkọ̀ kan bá dún lójú títì, á gbójú sókè. Ó tó ìgbà mẹ́wàá tí ó bi mí lójúmọ́ bóyá mo kọ ọ̀rọ̀ darandaran yẹn kó hàn ketekete.

Ní ọjọ́ kẹrin ọdún, ọkùnrin kúkúrú kan tí ó mú agbòòrùn lọ́wọ́ wọlé, ó gbé iṣu tuntun méjì kalẹ̀, kò sì kí ẹnikẹ́ni.

"Ta ló kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ báyẹn?"

Bàbá mọ ohùn náà. Ó na ọwọ́ sí ibi tí mo wà. "Ìyàwó mi ni."

"Nígbà tí mo ka tèmi nínú ìwé rẹ, ńṣe ni mo tún gba ọ̀rọ̀ ara mi gbọ́ sí i." Ó jókòó lórí awọ àgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá. "O ní o kò ní èsì sí ẹ̀kẹrin."

"N kò ní."

"Ó dáa. Èmi náà kò ní èsì sí ohun tí o sọ lórí ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta, irọ́ ni."

"Kí ló jẹ́ irọ́ níbẹ̀?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oúnjẹ tutù níwájú wọn. Kò sí ẹni tó ṣẹ́gun ẹnìkejì, bẹ́ẹ̀ ni ará Ṣakí kò lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́ta.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ayé mi ṣe, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, níbi tí mo ti ń ka ìwé àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n a máa kọ ọ́ pé, "Àwọn kan sọ pé." Mo máa ń bi wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ta ni àwọn kan? Ibo ni wọ́n ti sọ ọ́? Bí ẹni náà bá wọlé báyìí, ṣé yóò mọ̀ pé òun ni ò ń bá wí?" Àwọn kan rò pé mo le jù. Wọn ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń bá wí. Nínú ìwé àpilẹ̀kọ tèmi ní yunifásítì, ọ̀mọ̀wé kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wó orí kẹta mi lulẹ̀. Mo mú gbólóhùn rẹ̀ tí ó rọrùn jù lọ, mo dá ìyẹn lóhùn, mo sì gba máàkì tó dára. Ọ̀mọ̀wé náà kú kí n tó lè kọ̀wé sí i. Ìyẹn ṣì máa ń jí mi lóru.

Ní oṣù tó kọjá, ẹnì kan tí mo kọ́ rí tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí bí ó ṣe yẹ kí á máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà. Ó dárúkọ mi nínú rẹ̀, ó ní mo ṣìnà. Mo ti ń múra láti dá a lóhùn láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Lánàá ni mo pè é lórí fóònù, tí mo ka ohun tí mo kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i létí.

"Mà," ó wí, "ó kù díẹ̀. Kì í ṣe bí mo ṣe rò ó gan-an nìyẹn."

Mo tún ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. N kò tíì dé orí ọ̀rọ̀ tèmi.