Ọkọ̀ Tó Dojú Dé Lójú Ọ̀run Ẹ̀pẹ́

Ọmọ ọmọ mi ra awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀. Ó gbé e kalẹ̀ nílé wa ní Ìkòròdú, òórùn ọ̀dà rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Òórùn yẹn gbé mi padà sí Ẹ̀pẹ́, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa, tí mo jẹ́ ọmọdébìnrin nílé bàbá bàbá mi, Lèmọ́mù àdúgbò wa.

Àbúrò bàbá mi, Bùrọ̀dá Múfú, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlú Ọba dé. Ó ń wọ súẹ́tà nínú ooru, ó sì ń fi gẹ̀ẹ́sì lé ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ dígí kan títí inú rẹ̀ fi jin díẹ̀ bí àwo, tó tẹ́ ẹ sí ìdí àgbá páànù gígùn tó fi ọ̀dà dúdú kùn. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá náà. Ibẹ̀ lèèyàn ń yọjú sí láti rí ohun tí dígí bá gbé wá láti ọ̀run.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí à ń retí oṣù ìtúnu àwẹ̀, gbogbo wa dúró létí ọ̀sà. Kùrukùru bo ìwọ̀-oòrùn. Bùrọ̀dá yí àgbá rẹ̀ títí, ó ní òun ti rí i. Àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún dé nìyẹn. Àwọn àgbà ní àwọn ò ní túnu. Bí Lèmọ́mù ò bá rí i, inú ilé kan náà ni àwọn kan yóò ti máa jẹun lọ́la, tí àwọn yòókù yóò ti máa gbààwẹ̀.

Lèmọ́mù yọjú sí ihò náà, ó sì tètè gbójú kúrò.

“Múfú, ọkọ̀ tó dojú dé lo fi hàn mí. Oṣù ìtúnu kì í dojú dé.”

Bùrọ̀dá ṣàlàyé bí dígí ṣe ń sọ òkè di ìsàlẹ̀. Àlàyé náà gùn ju ọ̀sà lọ. Nílùú apẹja, ta ni yóò ṣọdún lórí ọkọ̀ tó dà?

Màmá Àgbà, ìyàwó Lèmọ́mù, tó fi ìgbà èwe rẹ̀ tukọ̀, kò wo inú ihò kankan. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn àgbá náà, ó sì wo ọ̀kánkán ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí.

“Ààfáà, ẹ wá wo ibí. Ọkọ̀ yín ò dà o, ó jókòó sójú omi.”

A wò ó. Oṣù rèé, tín-ín-rín bí èékánná ọmọ tuntun.

Lèmọ́mù kéde ọdún, ó sì rọra padà sídìí ihò náà. Nígbà tó kàn mí, mo rí i: etí oṣù kún fún ihò, bí iyanrìn tí òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí. Nígbà tí Lèmọ́mù ń ṣáájú wa kírun, ó pẹ́ ní ìforíkanlẹ̀ débi pé a rò pé ó ti sùn.

Orí rédíò ni oṣù ti ń yọ lóde òní. Síbẹ̀ mo máa ń jáde lọ wò ó, gbogbo àlàyé tí mo kọ́ ní yunifásítì kò sì tíì dín ìyanu rẹ̀ kù.