Ọjọ́ Tí Ìyá Oníbọ́tìnnì Dìde

Obìnrin kan wà nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì. Bọ́tìnnì ló ń rán mọ́ aṣọ látàárọ̀ dalẹ́, Ìyá Oníbọ́tìnnì sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣọ́ géètì ibẹ̀. Kí ọ̀gá àgbà tó tẹ hóònù, bàbá á ti ṣí géètì gbayawu, á tẹrí ba: "Ẹ káàbọ̀, sà!"

Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù gbogbo wọn sápò ìfẹ̀yìntì. Ìgbìmọ̀ kan ló ń tọ́jú àpò náà, ọ̀gá àgbà sì ni alága. Bó bá ti dábàá nǹkan, á ní, "Ẹni tí kò bá fẹ́, kó dìde." Ta ló máa dìde níwájú ẹni tó lè lé e lẹ́nu iṣẹ́? Báyìí ló ṣe kó owó náà fún àbúrò ìyàwó rẹ̀ pé kó fi kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Òtẹ́ẹ̀lì ò kọjá ìpìlẹ̀, owó sì wọgbó.

Ìgbà tó kan bàbá onígéètì láti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ òfìfo ló bá relé. Arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í ru búlọ́ọ̀kù kiri, abẹ́ ẹrù náà ló sì kú sí.

Ìyá nu omijé, ó gbé ìbínú mì bí ẹni tó gbé egbòogi kíkorò mì. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ẹni tó máa ṣojú wọn nínú ìgbìmọ̀, ó ní òun rèé. Wọ́n yàn án.

Kò pẹ́, àwọn aṣojú ìjọba tó ń yẹ owó ìfẹ̀yìntì wò dé. Wọ́n ní kí ọ̀gá àgbà san gbogbo owó tó wọgbó náà látinú àpò ara rẹ̀, àfi bí gbogbo ìgbìmọ̀ bá fohùn ṣọ̀kan láti dárí jì í. Ilé rẹ̀ nìkan ni ohun tó lè tà tó máa ká a.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ọ̀gá yà sídìí iṣẹ́ ìyá. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Màmá, wọ́n ní orúnkún ń dùn yín. Ṣé ó ti san?"

"Ó ṣì ń yọ mí lẹ́nu, ọ̀gá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tá a bá débẹ̀, ẹ ṣáà jókòó jẹ́ẹ́ yín. Màá rántí yín."

"Ṣé ẹ rántí ọkọ mi?"

"Ọkọ yín? Ta ni ọkọ yín?"

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní ìpàdé, ọ̀gá ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dání. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ wéré. Ẹni tí kò bá fẹ́ dárí jì mí, kó dìde."

Àga kan dún gìrìrì.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ jáde ni?"

"Rárá o. Mo dìde ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ wo orúnkún yín!"

"Orúnkún yìí ni mo fi tẹ̀ lé òkú ọkọ mi dé ibojì. Á gbé mi dúró títí wọ́n á fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò fara mọ́ ọn."

Ó sì dúró.

Wọ́n ta ilé ọ̀gá, owó padà sápò. Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ilé náà, ìyá ti dé ẹnu géètì ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó ṣí i gbayawu, ó tẹrí ba gan-an bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

"Ó dàbọ̀, sà!"

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ti wá rántí ẹni tí ọkọ ìyá jẹ́.