Ohun Tí Wọ́n Gé Nínú Bàbá Mi

Láyé ìgbà tí obì Agége ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílẹ̀ Haúsá, bàbá mi kì í ra apẹ̀rẹ̀ obì kan láìtú u dà sílẹ̀. "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé," ni wọ́n máa ń wí. Èmi àkọ́bí wọn obìnrin náà ò yàtọ̀: bí ènìyàn bá ti kí mi jù, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò.

Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí ẹyinjú wọn pọ́n bí ọsàn. Dókítà ọsibítù ńlá l'Ékòó ní jẹjẹrẹ wà lẹ́yìn àpòlúkù wọn, ó sì là wọ́n nínú. Àbúrò mi ọkùnrin, tó gbọ́ òyìnbó, ló jáde wá bá wa.

"Wọ́n ti gé e kúrò!"

Ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ara fu mí.

Ká tó padà délé, ojú Bàbá ti mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò yọ̀. Obì tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Bí àrùn bá ti lọ, wọ́n á ra ọjà. Bí kò bá lọ, Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú wọn ni wọ́n fẹ́ kú sí.

"Ohun tó bá kúrò lára Mùsùlùmí, ilẹ̀ là ń sin ín sí. Ẹ gbé e wá kí n rí i."

Àbúrò mi ní àwọn nọ́ọ̀sì ò fún òun. Nígbà tó yá, ó ní wọ́n ti fún òun. Ó fi ewé dì í bí obì, ó ti gbẹ́ ihò sẹ́yìnkùlé, ó sì ń kánjú. Mo lọ dúró sẹ́nu ihò náà.

"Tú u," ni Bàbá wí fún mi.

Mo tú u. Bàbá fìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbò Iléyá ló ti gba ọwọ́ wọn kọjá.

"Ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ rèé. Ewúrẹ́ ta ni wọ́n bá nínú ikùn mi?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi bú sẹ́kún. Ó jẹ́wọ́ pé dókítà ti sọ fún òun pé àrùn náà ti tàn káàkiri, ara àgbà ò sì lè gba gígé e. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n kàn là fún omi òróòro kí ojú lè mọ́. Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Ó dùn mí pé òótọ́ ni ìfura mi.

Bàbá ò bínú. "Ẹ lọ se ẹ̀dọ̀ náà, a kì í sin oúnjẹ. Kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì Òṣogbo fún mi. Màá ti ibẹ̀ wọ mọ́tò dé Ògbómọ̀ṣọ́."

Ní ibùdókọ̀ ojú irin, àwọn olóbì ń wo ojú wọn tó mọ́, wọ́n ń kí wọn kú ewu. Bàbá ń ṣe àmín. Wọ́n yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n pè mí.

"Apẹ̀rẹ̀ mi di tìẹ."

"Ẹ ó padà wá ra obì yín fúnra yín, Bàbá. Ara yín ti yá."

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo olóbì tó bá ń búra pé kòkòrò ò sí nínú ọjà òun.