Ohun Tí Yétúndé Gbọ́ Lára Ògiri

Yétúndé ti lé lógójì ọdún kí ìfẹ́ tó bá a lálejò, ìdí ògiri ló sì ti bá a.

Olùkọ́ aṣọ rírán ni, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àtijọ́ tí àwọn míṣọ́nárì kọ́ sẹ́yìn Ayégbajú láyé Ọba Édíwọ́ọ̀dù. Bíríkì pupa ni gbogbo ilé náà, fèrèsé rẹ̀ gùn gbọọrọ, àdàbà sì ti gba ilé aago orí rẹ̀ lọ́wọ́ aago. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló wu Yétúndé jù. Bíríkì gòkè láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó tẹ̀ bí òṣùmàrè lókè orí, ó tún sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó fẹ̀ débi pé mọ́tò lè gbabẹ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ kì í wọ́n níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń gbé àga sí lọ́sàn-án.

Lọ́dún 2001, ìjì ba òrùlé àti ẹnu ọ̀nà yìí jẹ́. Wọ́n pe bíríkìlà kan wá láti Ẹ̀dá-Oníyọ̀, Olúkáyọ̀dé lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ sì ti wà nílé ọkọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. "Ẹ káàárọ̀, mà" àti "Ó dàárọ̀, mà" nìkan ló ti bá Yétúndé sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Yétúndé fẹ̀yìn ti ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu ọ̀nà náà, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì lọ́hùn-ún, Olúkáyọ̀dé kọjú sí ògiri, ó ń fi sìmẹ́ǹtì dí àárín bíríkì. Lójijì, Yétúndé gbọ́ ohùn ọkùnrin létí rẹ̀ gan-an:

"Olúwa, obìnrin tó ń ránṣọ yìí, bí o bá lè yí ọkàn rẹ̀ sí mi, n kò ní tọrọ nǹkan mìíràn mọ́ lọ́dún yìí."

Abẹ́rẹ́ gún un níka. Ó wo ẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan. Ó wo òkè, àdàbà ló wà níbẹ̀. Nígbà tó wo ọ̀hún, ètè Olúkáyọ̀dé ń mì. Bíríkì tó tẹ̀ yìí ló ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gòkè, tó sì ń gbé e sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

"Ọdún yìí nìkan?"

Irin ìrẹ́lé bọ́ lọ́wọ́ Olúkáyọ̀dé. Ó kúnlẹ̀.

"Títí láé ni, Olúwa," ó dáhùn.

"Kì í ṣe Olúwa. Yétúndé ni. Ẹ dìde, sìmẹ́ǹtì ti lẹ̀ mọ́ yín lórúnkún."

Láti ọjọ́ náà, "Ẹ káàárọ̀, mà" ni lójúkojú. Ṣùgbọ́n lára ògiri, ọkùnrin jẹ́jẹ́ di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ó sọ ìtàn ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, Yétúndé sì rẹ́rìn-ín títí ó fi rán apá aṣọ mọ́ ọrùn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá ń béèrè ohun tó dé tí gbogbo òrùlé parí tí ìdí ògiri kan kò parí.

Àṣírí tú lọ́jọ́ tí Màmá Alice, àgbà obìnrin tó ń dáná nílé ẹ̀kọ́, jókòó sórí àga Yétúndé láti sinmi. Olúkáyọ̀dé kò wẹ̀yìn, ó kàn sọ̀rọ̀ sí ògiri:

"Lọ́la ni mo fẹ́ wá rí bàbá yín ní ulé, ní ìlú Ifisìn. Ṣé kí n wọ agbádá àbí bùbá lásán?"

Màmá Alice ronú díẹ̀.

"Agbádá ni, ọmọ mi. Fá irùngbọ̀n náà pẹ̀lú."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Ayégbajú ti gbọ́.

Bàbá Yétúndé kò retí pé ẹnikẹ́ni tún lè wá tọrọ ọmọ òun. Nígbà tó rí alágbádá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé olóṣèlú ni, ó ní òun kì í dìbò mọ́. Ìgbà tó gbọ́ ohun tó bá wá, ó nu ojú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ gbé ẹmu tó dùn wá.

Lóṣù Kejìlá, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì wá ya fọ́tò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn àlejò tò sídìí ògiri, olúkúlùkù fẹ́ gbọ́rọ̀ lára bíríkì. Bàbá ìyàwó sọ nǹkan kan sí ògiri. Ìyá ìyàwó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ṣí lórí rẹ̀, kò sì sọ ohun tó gbọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mọ́tò tó yẹ kó gbé tọkọtaya náà lọ wá taku. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn. Yétúndé di ọkọ rẹ̀ mú, ìbòrí funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn wọn, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín; ọlọ́kadà náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń rín.